Àwo Orin Tí Fóònù Rẹ Ò Ní Gbé Wá Bá Ọ

Bó bá jẹ́ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lẹ wà, tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo lórí ṣéńjì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ ọ, tó jẹ́ pé ẹ máa ń kà á lójú fóònù kí dátà má bàa tán, mo kí ẹ̀yin náà. Ohun tí mo sọ sínú máìkì gan-an ni mo tẹ̀ síbí, àfi ibi tí mo ti húkọ́.

Ọ̀rọ̀ àwo orin là ń sọ lónìí. Kì í ṣe orin tó wà lẹ́nu gbogbo ayé, èyí tí ẹ máa gbọ́ níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀. Orin àwọn adádúró ni mo ń sọ: ẹni tó jókòó sí yàrá kan pẹ̀lú gìtá, tó ń fi ìtàn ayé ara rẹ̀ kọrin, èyí tí wọ́n ń pè ní folk, àti àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí wọn kì í kọ ọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́, tí wọ́n fẹ́ràn láti dán ohun tuntun wò. Báwo lèèyàn ṣe ń rí irú àwo bẹ́ẹ̀? Ta ló ń gbé e wá?

Kí n tó dáhùn, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́.

Iná mẹ́ta lórí WhatsApp

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ gbé yàrá kan náà nígbà tí a wà ní yunifásítì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé àwo orin jáde. Orin mẹ́jọ. Òun nìkan ló ta gìtá, òun nìkan ló kọrin, inú yàrá rẹ̀ ló sì ti gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lóru, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé bá ti pa jẹnẹrétọ̀. Ó fi líńkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo fi àwòrán iná mẹ́ta dá a lóhùn. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Gbogbo ẹ̀ ló dùn, má dúró o!"

Irọ́ ni. Mi ò tẹ líńkì yẹn. Mo ní màá gbọ́ ọ lálẹ́. Alẹ́ di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo wá a lọ, mi ò rí i mọ́. Ó ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo pè é. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n kà fún mi. Mo bi gbogbo àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí léèrè orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ìwọ lo ní gbogbo ẹ̀ ló dùn. Ẹni tó gbọ́ ọ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìkarùn-ún kì í ṣe orin. Òjò lórí páànù ilé bàbá mi ni, ìṣẹ́jú méjì gbáko, kò sí gìtá, kò sí ohùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á bi mí pé kí lèyí."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ohùn àti ìró ni mo fi ń jẹun. Èmi tí mo máa ń ráhùn lórí podcast yìí pé orin kan náà ni fóònù mi ń kọ sí mi létí láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìyá ọlọ́jà inú fóònù

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rẹ́ ẹ̀rọ jẹ. Láti oṣù kejì ọdún 2021 tí Spotify ti dé Nàìjíríà, àwọn orin kan wà tí mi ò bá má gbọ́ láyé bí kì í bá ṣe òun. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ bí irú àwọn áàpù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wo ohun tí o gbọ́, wọ́n ń wo àwọn mìíràn tó gbọ́ ọ, wọ́n á wá gbé ohun tí àwọn yẹn tún gbọ́ síwájú rẹ. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó ń sọ fún ọ pé, "Àwọn tó ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi lánàá, wọ́n ra pọ̀nmọ́ mọ́ ọn." Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà ńkọ́? Kí ni ìyá máa sọ nípa ẹ̀? Orin tí èèyàn mọ́kànlá péré gbọ́, ẹ̀rọ ò rí ohun tí yóò so ó mọ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Kò rí i ni.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Orin kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe àwo lódindi. Nítorí náà, ẹni tó ṣe orin mẹ́jọ nínú yàrá rẹ̀ ní láti kó ẹgbẹ̀rún kan jọ lọ́nà mẹ́jọ, kódà fún òjò orí páànù.

Bí àwa olùgbọ́ bá jókòó, tí a ń retí kí àwo bẹ́ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, á kú sójú ọ̀nà. Àwa la máa dìde lọ wá a.

Láti fóònù dé fóònù

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí èmi lọ, ẹ rántí Bluetooth? Ẹ rántí bí a ṣe máa ń gbé fóònù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí dẹ́sìkì, tí a ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n títí orin yóò fi wọlé tán?

Bí orin ṣe ń rìn káàkiri aṣálẹ̀ Sàhárà nìyẹn ní nǹkan bí ọdún 2010. Íntánẹ́ẹ̀tì ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n fóònù àti mẹ́mórì káàdì wà. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Kirkley, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn orin yẹn jọ láti inú fóònù àwọn èèyàn, ó sì fi wọ́n ṣe àwo kan tó pè ní Music from Saharan Cellphones, lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kékeré tó ń jẹ́ Sahel Sounds. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú àwo náà ni Mdou Moctar, ọmọ Tuareg láti orílẹ̀-èdè Niger.

Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, gìtá ń wù ú, owó gìtá ò sí, àwọn ará ilé rẹ̀ ò sì fẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Ló bá fi igi kan gìtá fúnra rẹ̀, ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìgbà tó tó àkókò láti ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Anar, ibo lẹ rò pé ó lọ? Sokoto! Ní ọdún 2008, ní Nàìjíríà wa níbí. Àwo tí wọ́n ṣe ní Sokoto ń ti inú fóònù kan bọ́ sí òmíràn káàkiri aṣálẹ̀, àwa tó wà ní Èkó ò gbúròó.

Ní 2015 ó ṣeré nínú fíìmù kan ní èdè Tamasheq, tí wọ́n fi bu ọlá fún Purple Rain ti Prince. Èdè wọn ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọ̀ tí àwa ń pè ní elésè àlùkò, nítorí náà orúkọ tí wọ́n sọ fíìmù náà túmọ̀ sí òjò aláwọ̀ aró tí pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju orúkọ ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ rí, inú àwo Afrique Victime, ọdún 2021, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gìtá rẹ̀ máa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, síbẹ̀ kò ní ṣubú. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ Funeral for Justice tó jáde ní 2024. Ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, Amẹ́ríkà ni òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Niger wà, ọ̀nà ilé sì dí mọ́ wọn. Wọ́n fi gìtá tí kò lo iná tún àwọn orin kan náà kọ, ìyẹn ló di Tears of Injustice ní 2025. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń bínú ló ń sọ̀rọ̀. Nínú ti ìkejì, ẹni kan náà ti jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó yan Mdou Moctar fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Ẹnì kan gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ ọn, ó ní, "Mú fóònù rẹ wá."

Wákàtí méjì láìsí Spotify

Ẹ lè sọ pé ayé Bluetooth ti lọ. Ó dáa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, Patrick Flegel, ọmọ Kánádà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Women tẹ́lẹ̀, gbé àwo kan jáde ní orúkọ Cindy Lee. Diamond Jubilee ni wọ́n pè é. Orin 32, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Nígbà tó jáde, kò sí lórí Spotify, kò sí lórí Apple Music. Orí YouTube ló wà nígbà náà, gbogbo ẹ̀ pọ̀ nínú fídíò kan ṣoṣo, àti lórí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó rí játijàti bí èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí èmi. Níbẹ̀ lèèyàn ti lè wa á sílẹ̀ nígbà náà, kó fi dọ́là Kánádà 30 ránṣẹ́ bó bá ní in.

Kò sí ìpolówó, kò sí fídíò ijó. Àwọn èèyàn ń fi líńkì rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Ìwé ìròyìn orin Pitchfork fún un ní 9.1 nínú 10, ariwo wá sọ. Kó tó tẹ àpilẹ̀kọ yẹn lọ́wọ́, àwọn kan ti ń fi ránṣẹ́ káàkiri.

Báwo ló ṣe ń dún? Bí ẹni pé rédíò àtijọ́ kan ń kọrin ní yàrá kejì, tí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Gìtá rẹ̀ dà bí ẹni pé ekuru bò ó. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, orin kẹfà ni mo ti pa á. Mo ní kí ni gbogbo eléyìí? Ìgbà kejì, wọ́n mú iná lọ ní òru, fóònù mi ku bátìrì díẹ̀, ooru ò jẹ́ kí n sùn. Mo ki earpiece bọ etí, mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo máa mọ̀, ó ti parí, ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn àwo mìíràn wà tí kì í wọlé nígbà àkọ́kọ́, àfi kí o pẹ́ lára wọn.

Yàrá tó wà nínú orin

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ nípa àwọn olórin adádúró ni pé yàrá tí wọ́n ti kọrin máa ń wà nínú orin náà. Mo máa ń rò pé àìlówó ló ń gbé wọn sínú yàrá. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn mẹ́ta yìí.

Justin Vernon, tí ayé mọ̀ sí Bon Iver. Ẹgbẹ́ rẹ̀ túká, ó padà sí Wisconsin, ó wọ ahéré igi tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣọdẹ, ó sì wà níbẹ̀ ní àsìkò òtútù ọdún 2006 wọ 2007. Ibẹ̀ ló ti ṣe For Emma, Forever Ago. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2007, kí ilé iṣẹ́ Jagjaguwar tó gbà á ní 2008. Ohùn rẹ̀ lórí ohùn rẹ̀ lórí ohùn rẹ̀, bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní 2012, ó gba Grammy olórin tuntun tó dára jù. Ẹni "tuntun" tó ti ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Adrianne Lenker, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ Big Thief. Kòrónà dé, ìrìn àjò ẹgbẹ́ wọn dúró, ó lọ sí ahéré oníyàrá kan ní ìwọ̀-oòrùn Massachusetts. Ó gbé àwo méjì jáde lọ́jọ́ kan náà ní oṣù kẹwàá 2020, songs àti instrumentals. Tí o bá fi earpiece gbọ́ songs, o máa gbọ́ igi tó ń dún, o máa gbọ́ ẹyẹ.

Ẹ̀kẹta ló nira fún mi láti sọ. Phil Elverum, tó ń lo orúkọ Mount Eerie. Ìyàwó rẹ̀, Geneviève, kú ní oṣù keje ọdún 2016. Àrùn jẹjẹrẹ ni. Ọmọ wọn ò tíì ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ. Elverum wọ yàrá ìyàwó rẹ̀, ó lo àwọn ohun èlò orin ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ àwo tó ń jẹ́ A Crow Looked at Me, tó jáde ní 2017. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Kò sọ pé ó ti sàn. Mo ti pàdánù èèyàn rí, mo sì mọ bí àwọn tó wá kíni ṣe máa ń sọ pé kí a má sunkún mọ́. Àwo yìí jókòó tì mí, kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bí a bá gbé ọkùnrin yẹn lọ sí sítúdíò olówó ńlá, tí ìró yàrá yẹn kúrò nínú orin, kí ló máa kù? Èmi náà wá ń rò ó nípa òjò kan lórí páànù kan.

Kì í ṣe ohun àjèjì

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé rọ́ọ̀kì àdánwò ò kan ọmọ Yorùbá, ẹ rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1981, Brian Eno àti David Byrne gbé àwo kan jáde tí àwọn onírọ́ọ̀kì àdánwò ò yéé tọ́ka sí. Orúkọ rẹ̀ ni My Life in the Bush of Ghosts. Orúkọ ìwé Amos Tutuola nìyẹn, ọmọ Abẹ́òkúta, ìwé tó jáde ní 1954. Àwọn méjèèjì ò sì tíì ka ìwé náà nígbà yẹn. Orúkọ nìkan ló mú wọn.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, Byrne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Talking Heads ṣe Remain in Light, àwo Afrodisiac ti Fẹlá sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́ lágbọ̀ọ́túngbọ́. Ní 2018, Angélique Kidjo, ọmọ Benin, tún gbogbo àwo náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Tony Allen sì wà lára àwọn tó lùlù sí i. Ohun tó jáde nílé, tó lọ sí New York, ló gbé padà wálé.

Ní Èkó níbí, ní 1973, ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde. Lẹ́tà orúkọ àwọn mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà: Berkley, Laolu, Odumosu. Ọdún kan náà ni àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì láti St. Gregory's, tí wọ́n ń jẹ́ Ofege, gbé Try and Love jáde. Ọmọ ilé ìwé! Tí ẹ bá gbọ́ gìtá inú rẹ̀, ẹ máa ṣí ẹnu. Tó bá sì jẹ́ orin ìtàn ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ẹni tó ń dá dúró ní tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Beautiful Nubia wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa sọ pé orin dádì yín nìyẹn. Ẹ lọ bá dádì yín, ẹ ní kó fi gbogbo àwo rẹ̀ hàn yín.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ó yá, báwo la ṣe ń wá a? Ohun tí èmi ń ṣe nìyí.

Èkíní, mo máa ń ka orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn orin. Ta ló gbà á sílẹ̀? Ta ló ta gìtá béèsì? Ilé iṣẹ́ wo ló gbé e jáde? Bí àwo kan láti Sahel Sounds bá dùn mọ́ ọ, gbọ́ mẹ́ta mìíràn láti ibẹ̀ láìwo orúkọ olórin. Ilé iṣẹ́ kékeré dà bí ìyá olóúnjẹ tó mọ ọbẹ̀: bí ẹ̀gúsí rẹ̀ bá dáa, gbìyànjú ewédú rẹ̀.

Èkejì, Bandcamp. Lábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, o máa rí àwòrán àwọn tó rà á. Tẹ ọ̀kan, o máa rí gbogbo ohun tí ẹni yẹn ti rà rí. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra àwo tó dùn mọ́ ìwọ náà, etí yín bára mu. Wo àwo tí o ò mọ̀ nínú tirẹ̀. Ibi tí mo ti rí ohun tó pọ̀ jù lọ nìyí.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń gba olórin lálejò láti ṣeré lójúkojú. Rédíò KEXP ní Seattle wà, Tiny Desk ti NPR tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 wà. Ó ṣòro láti fi ẹ̀rọ bo àṣìṣe níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti mọ̀ bóyá o máa bá wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin, wá èèyàn kan ṣoṣo tí etí rẹ̀ dá ọ lójú. Kì í ṣe ẹni tó mọ orin púpọ̀, bí kò ṣe ẹni tó lè sọ ìdí. Ẹni tó bá sọ pé "gbọ́ ìkẹta, dúró de ibi tí ìlù ti dákẹ́," di ẹni yẹn mú.

Ẹ̀karùn-ún, mo máa ń gbọ́ àwo tuntun lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dájọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láìṣe nǹkan mìíràn. Ìgbà kejì nígbà tí mo bá ń fọṣọ tàbí tí mo wà nínú ọkọ̀. Ìgbà kẹta lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá ṣì wọlé, ó dìgbà ó ṣe, kò sí ìjà.

Ọ̀rọ̀ dátà, torí mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Àwo ìṣẹ́jú 40, bó bá jẹ́ MP3 tó wà ní 128 kbps, bíi 38 MB ni. Ní 320 kbps, bíi 96 MB. Ẹ wa á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi bá wà, ẹ lè gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún láìná kọ́bọ̀ mọ́. Fídíò tí ẹ̀ ń wò ní ìgbà mẹ́wàá láti gbọ́ orin kan ṣoṣo ló ń jẹ yín lówó.

Owó ńkọ́? Lórí Bandcamp, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí orin, wọ́n tún máa ń yọ owó bánkì, ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ olórin. Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2020, tí wọn ò ní yọ ìdá tiwọn rárá. Àwọn èèyàn ra ọjà mílíọ̀nù 4.3 dọ́là lọ́jọ́ kan yẹn, wọ́n sì sọ ọ́ di Bandcamp Friday tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ bí dọ́là ṣe rí, mo sì mọ̀ pé káàdì náírà lè kọ̀. Mi ò ní kí ẹ ra gbogbo ẹ̀. Ọ̀kan lóṣù mẹ́ta ni èmi ń rà. Èyí tí mi ò bá lè rà, mo máa ń kọ̀wé sí olórin náà. Ìlà méjì péré, orúkọ orin kan, ohun kan tí mo gbọ́ níbẹ̀. Ẹ máa yà lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn.

Òjò lórí páànù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó jọ̀wọ́ fi àwo náà ránṣẹ́ sí mi. Ó fi mí sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, fáìlì mẹ́jọ wọlé sórí WhatsApp, láìsí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú wọn. Kò fi orúkọ sí wọn, nọ́ńbà nìkan.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé fóònù sí ibi tí ọwọ́ mi ò ní tó. Mo gbọ́ ọ láti ìkíní dé ìkẹjọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ìkejì gùn jù, ohùn rẹ̀ sì yẹ̀ nínú ìkeje. Ṣùgbọ́n ìkẹrin jẹ́ orin nípa bàbá rẹ̀, tó ń ka iye ìgbà tí bàbá sọ pé òun máa tún òrùlé ṣe kó tó dolóògbé. Orin yẹn dákẹ́ láìparí. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, mo ń gbọ́ páànù. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo gbọ́ nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ òjò náà, tó tó tó, ó ń dún lẹ́sẹẹsẹ.

Mo kọ̀wé sí i. Mo ní, "Ní ìkarùn-ún, ní ìparí, kí ló ń kán sínú kí ni?"

Ó pè mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Abọ́ ni. Abọ́ tí màmá mi gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. O gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ.

Kò tíì gbé e padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti tún okùn gìtá ṣe.

Iṣẹ́ tí mo fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Gbogbo wa la ní líńkì kan nínú WhatsApp tí a fi iná mẹ́ta dá lóhùn. Ẹ lọ sókè, ẹ wá a. Ẹ gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ má kọ pé ó dùn. Ẹ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.